Fóònù Yín Ni Kò Dára

Áàpù náà tún pa ara rẹ̀ dé.

"Ṣé ẹ rí i báyìí?" Sister Rachel, nọ́ọ̀sì tó ń pín oògùn, sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn fèrèsé. Kò jágbe, ó kàn ti sú u ni. "Mi ò lè fún yín láìsí kóòdù, Màmá. Bí mo bá fún yín, wọ́n á bi mí pé ta ni mo kó oògùn fún."

"Rachel, ṣé ìwọ náà ò mọ̀ mí mọ́ ni? Ọkọ mi ló kọ́ ẹ níwèé ní kékeré."

"Èmi mọ̀ yín, mà. Áàpù ni ò mọ̀ yín."

Àwọn tó tò sẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa tó kan òun. Lará gba fóònù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tún áàpù náà ṣí. Ohùn obìnrin kan tó dùn létí kí wọn káàbọ̀ sí Ojúlówó, ó ní kí Màmá gbé ojú rẹ̀ sínú àmì róbótó tó wà láàrin. Kámẹ́rà fẹ́ ṣí. Ojú fóònù ṣókùnkùn díẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì parẹ́, ó ku fọ́tò olóògbé Hezekiah nínú agbádá funfun tí Màmá fi ṣe ẹ̀yìn fóònù rẹ̀.

Tíṣà ni Hezekiah ní Abigi títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tó kú, ohun kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún Zipporah ìyàwó rẹ̀ tí àwọn ẹbí kò lè pín ni ètò ìlera àwọn tíṣà: kí opó tíṣà máa gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ Màmá lẹ́nu, oògùn rẹ̀ kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi falẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Ojúlówó dé, ẹni tí áàpù náà kò bá rí ojú rẹ̀ kò ní rí kóòdù, ẹni tí kò bá rí kóòdù kò ní rí oògùn.

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, Lará fi fóònù Màmá kọ ẹjọ́ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìdáhùn dé kíákíá. *A ti yẹ ẹjọ́ yín wò. Áàpù wa kò ní àbùkù. Fóònù yín ni kò dára. Ẹ ṣeun.*

Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí orúkọ lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Lará mọ yàrá tó ti jáde. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, níbi tí Gbénró ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ṣe Ojúlówó, Gbénró tí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ máa ń wọlé sórí fóònù rẹ̀ láràárọ̀ kí ojú rẹ̀ tó là tán.

"Má jẹ́ kó dà ẹ́ láàmú," ni Màmá wí, ó ń tún gèlè rẹ̀ so. "Mo ṣì ní díẹ̀ nílé. Gbé fóònù náà dání lọ, kí o bá mi wo ohun tó ń ṣe é."

Lará gbà á gbọ́.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, ó tẹ́ gbogbo fóònù tó rí yá sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Adédoyin, tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi dání.

"Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra fóònù olè ni?"

"Yá mi ní tìẹ náà."

"Tèmi kẹ̀? Tí ọlọ́pàá bá dé, mi ò mọ̀ ẹ́ rí o." Ṣùgbọ́n ó ti ń nà án sí i.

Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni Lará ń kọ́ ní yunifásítì, ọdún tó kẹ́yìn ló sì wà. Wọ́n ti kọ́ wọn pé bí nǹkan bá bàjẹ́, kí èèyàn má tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kí ó yí ohun kan padà, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ó sì máa wò. Ohun méjì ni Lará ń fura sí. Ó lè jẹ́ áàpù. Ó sì lè jẹ́ Áńdíróìdì, ìyẹn ètò tó ń darí fóònù fúnra rẹ̀, tí gbogbo áàpù ń gbé inú rẹ̀ bí ayálégbé ṣe ń gbé ilé onílé.

Ó fi fóònù Màmá ya fọ́tò Adédoyin àti bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Fọ́tò náà mọ́ kedere, kámẹ́rà kò ṣẹ̀. Ó gbé Ojúlówó sórí fóònù tirẹ̀, tó gbó bíi ti Màmá. Ó pa ara rẹ̀ dé. Ó gbé e sórí ti Adédoyin tó jẹ́ tuntun, ó ṣí.

"Àbí o ò rí i," ni Adédoyin wí. "Fóònù Màmá ló ti darúgbó. Àwọn èèyàn yẹn ò purọ́."

"Dúró ná."

Áàpù báńkì kan wà tí òun náà máa ń wo ojú èèyàn kó tó jẹ́ kó wọlé. Lará gbé e sórí fóònù Màmá. Ó ṣí, ó wo ojú rẹ̀, kò ráhùn. A jẹ́ pé Áńdíróìdì àtijọ́ náà lè ṣe iṣẹ́ ọ̀hún, bí a bá bi í bó ṣe yẹ. Ó wá Ojúlówó ti tẹ́lẹ̀ rí, èyí tí Màmá fi ń gba oògùn kí wọ́n tó ní kí gbogbo ayé gba tuntun nígbà òjò, ó gbé ìyẹn náà síbẹ̀. Kámẹ́rà ṣí. Ojú Lará yọ nínú àmì róbótó náà dáadáa, kí áàpù tó sọ fún un pé èyí ti di àtijọ́, kí ó lọ gba tuntun.

Fóònù kan náà ni. Áńdíróìdì kan náà ni. Áàpù nìkan ló yí padà.

Ó fi wáyà so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ka ohun tí fóònù sọ nígbà tí áàpù ń ṣubú. Ojúlówó tuntun ń pe iṣẹ́ kan tí kò sí nínú Áńdíróìdì àtijọ́, bí àlejò tó wọ ilé onílé tó ń pariwo orúkọ ọmọ tí wọn ò tíì bí níbẹ̀. Kò kọ́kọ́ bèèrè bóyá ó wà. Ó pe orúkọ, ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ó dákú. Gbólóhùn díẹ̀ tí ì bá kọ́kọ́ bèèrè ni ì bá gbà á là.

"Àwọn tó ṣe é ò dán an wò lórí fóònù tálákà rí," ni Lará wí.

Adédoyin gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. "Gbénró ẹ ńkọ́? Ṣé òun náà ò mọ̀ ni?"

Gbénró gun alùpùpù wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ́jọ́ Sátidé, ó ra ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì dání, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jóná díẹ̀ nítorí ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni Lará ṣe ń fẹ́ ẹ. Ó ní ohùn kan tó máa ń mú kí Lará gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ yẹn, Lará kò wo ojú rẹ̀ títí ó fi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Gbénró jókòó sí abẹ́ igi tó wà lẹ́bàá géètì, ó ń fi ìka pa ẹ̀pà, kò jẹ ẹ́.

"Ṣé o ti sọ fún ẹlòmíì?"

"Ohun tó o kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ nìyẹn?"

"Lará mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀. Lọ́jọ́ tí ìgbìmọ̀ ètò ìlera wá dán an wò, fóònù Ọ̀gá Akínbọ́lá ni wọ́n fi dán an wò, èyí olówó ńlá yẹn. Ọ̀gá sì ti lọ rí alága wọn nílé kí wọ́n tó wá. Wọ́n mu mínírà, wọ́n buwọ́ lù ú, ó parí. Bí a bá wá sọ báyìí pé áàpù ni, wọ́n á bèèrè ẹni tó gbà á wọlé. Àdéhùn tuntun sì wà nílẹ̀ tí wọn ò tíì fọwọ́ sí. Ọ̀gá ní fóònù ni ká máa wí."

"Ìwọ náà sì ń wí i."

"Èmi kọ́ ni mò ń wí i. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ni."

"O tẹ̀ ẹ́ fún ìyá mi."

Ìyẹn dùn ún. Ó hàn lójú rẹ̀. "Nọ́ńbà ni mo máa ń rí, Lará. Mi ò mọ̀ pé Màmá ni. Ṣé o rò pé tí mo bá mọ̀..." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mi wá tọrọ rẹ kí ọdún tó parí. Tí mo bá sọ iṣẹ́ yìí nù, kí ni n ó máa sọ fún Màmá pé mo fẹ́ fi bọ́ ọmọ wọn? Fún mi láyè díẹ̀. Mo máa wá nǹkan ṣe."

Ó wá nǹkan ṣe lóòótọ́. Nígbà tó tún dé, páálí kan ló gbé lé Lará lẹ́sẹ̀, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù pupa dì í. Fóònù tuntun fún Màmá. Ó ti gbé Ojúlówó sínú rẹ̀, ó ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lará gbá a mọ́ra, ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù kì, kì, kì lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Gbogbo àlàyé tó ti kọ sílẹ̀ nípa áàpù náà, tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, ó fi í sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ inú àwọn ìwé ìfẹ́ kékeré tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì ni, ibẹ̀ ni ìtàn wọn ì bá parí sí, pẹ̀lú àwòrán òdòdó lábẹ́ rẹ̀.

Ní Abigi, fóònù tuntun gba oògùn fún Màmá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Sister Rachel pàtẹ́wọ́ fún un.

Ṣùgbọ́n Màmá kì í ṣe opó tíṣà kan ṣoṣo tó wà nílùú náà. Wọ́n pọ̀, Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Mùsùlùmí, wọ́n sì ti jọ ń rìn láti ìgbà tí àwọn ọkọ wọn ti jọ ń dúró de owó oṣù tí kò wá. Ohun tí ẹnì kan bá ní láàrin wọn, gbogbo wọn ló ní in. Agboòrùn ẹnì kan ni wọ́n fi ń sin òkú. Ìkòkò ńlá ẹlòmíì ni wọ́n fi ń se ìkọ́kọrẹ́ ìnáwó. Asimawu, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Màmá, tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ òun náà lẹ́nu, ló kọ́kọ́ yá fóònù náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo wọn tò. Lọ́jọ́ kan, àwọn opó náà jókòó sí ìta ilé ìwòsàn, wọ́n ń gbé fóònù náà láti ọwọ́ kan sí èkejì, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ bí ohùn obìnrin náà bá ti kí wọn.

"Ẹ tún ìborí yín ṣe o, ìyàwó ìjọba ń wò yín."

"Ó wò ó wò ó, ó ní mo ṣì rẹwà."

Nígbà tí Màmá padà lọ gba ti ẹ̀ẹ̀kejì, ojú fóònù pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

"Lará," ó wí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kéré. "Wọ́n ní olè ni mí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Fóònù ni. Rachel kà á fún mi. Ó ní wọ́n rí ojú púpọ̀ lórí fóònù kan, pé jìbìtì ni. Wọ́n ti ti gbogbo wa pa."

"Kí ló dé tí ẹ fi yá wọn?"

Màmá dáhùn bí ẹni tí ìbéèrè náà kò yé. "Kí ni kí n wá ṣe? Kí n gba tèmi lójú Asimawu, kí n máa lọ sílé?"

Lará pe Gbénró lójú ẹsẹ̀.

"Háà," ni Gbénró wí. "Ta ló ní kí wọ́n pín fóònù lò? Ẹ̀rọ ló ń tì í fúnra rẹ̀, Lará, kì í ṣe èmi. Ọ̀gá nìkan ló lè ṣí i, Ọ̀gá sì wà lókè òkun. Jẹ́ kí wọ́n dé. Jọ̀ọ́, olólùfẹ́ mi."

Ó jẹ́ kí wọ́n dé. Ọ̀gá dé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tuntun ná. Ìdánwò dé, Lará ń ka ìwé, ó ń pe Màmá ní ìrọ̀lẹ́.

"Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?"

"Mò ń lò ó."

"Ṣé ó ṣì kù?"

"Ó kù. Kàwé rẹ."

Kò purọ́. Oògùn ṣì kù lóòótọ́, nítorí pé abẹ ìfárí ni Màmá àti Asimawu fi ń gé e sí wẹ́wẹ́ lórí àwo, ìdajì fún èyí, ìdajì fún ìyẹn, wọ́n á tún fo ọjọ́ kan kọjá kí wọ́n tó lo òmíràn.

Asimawu ló pè nígbà tí Lará ń jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ní kó máa bọ̀. Ó ní Màmá ń rin iṣu ewùrà lọ́wọ́ ni, ó kàn jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó rẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lará wọkọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ìjẹ̀bú-Òde, ó wọ òmíràn tó gba inú igbó lọ sí Abigi, ó ń wo igi bó ṣe ń sáré padà sẹ́yìn, kò lè sunkún.

Màmá wà lórí ibùsùn ní ilé ìwòsàn. Apá ọ̀tún rẹ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Apá kan ojú rẹ̀ ti ṣubú, igun ẹnu ìhà yẹn wálẹ̀, itọ́ ń gba ibẹ̀ jáde. Ó mọ Lará. Ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ohun tó jáde kò ní ìparí.

Asimawu jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Èmi ló yẹ kó mú," ló ń wí. "Ìdajì tirẹ̀ ni mò ń lò."

Lórí bẹ́ǹṣì ìta, Lará ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó fi gbogbo àlàyé náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, ó fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Kò pe Gbénró kó tó ṣe é.

Wọ́n kà á lórí rédíò. Kò pẹ́ sígbà náà tí Ojúlówó òmíràn jáde, ó ń ṣiṣẹ́ lórí gbogbo fóònù, àtèyí tó gbó, àtèyí tó lanu. Wọ́n ṣí gbogbo àwọn opó tí wọ́n ti tì pa. Ọ̀gá Akínbọ́lá fúnra rẹ̀ bọ́ sórí rédíò, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà fún sùúrù wọn. Àdéhùn tuntun náà sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbénró ló sọ fún Lará pé iṣẹ́ náà kò le rárá, pé ẹni tó tún un ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó sì parí kí wọ́n tó lọ jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ tí Màmá tún ní láti gba oògùn, Gbénró wá sí Abigi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku níwájú kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n gbé Màmá jókòó sí. Màmá na ọwọ́ òsì rẹ̀ sí i, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó fi kan orí rẹ̀. Lará yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Gbénró ló gbé fóònù dúró níwájú Màmá lẹ́bàá fèrèsé oògùn. Àwọn opó yòókù ti gba tiwọn, wọ́n dúró. Áàpù ṣí. Kámẹ́rà ṣí. Ojú Màmá yọ nínú àmì róbótó náà, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

"Ẹ káàbọ̀," ni ohùn dídùn náà wí. "Kí a lè mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni, kì í ṣe fọ́tò yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

Ohun tuntun tí wọ́n fi kún un nìyẹn, nítorí jìbìtì. Màmá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu rẹ̀ gòkè.

"Ojú yìí kò bá èyí tó wà lọ́dọ̀ wa mu."

Gbénró nu kámẹ́rà mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó tún gbé e. Ó gbé fóònù tirẹ̀ jáde, ó fi ìyẹn gbìyànjú. Ó yá ti Sister Rachel. Ó yá ti Asimawu, tí gíláàsì rẹ̀ ti sán. Ohùn kan náà ni lórí gbogbo wọn, ìdáhùn kan náà ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kò tilẹ̀ yàtọ̀. Lará dúró lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó ń wo bó ṣe ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí fóònù tán lọ́wọ́ gbogbo wọn, Gbénró gbójú sókè wò ó.

"Kò sí ohun tó ṣe áàpù," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kò sì sí ohun tó ṣe fóònù."

"Mo mọ̀," ni Lará wí.

Màmá ti ń gbọ́ wọn. Ó mi orí díẹ̀, bí ẹni pé ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà, pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun á ṣe é. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè. Ó fi ìka mú igun ẹnu rẹ̀ tó ti ṣubú, ó gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dọ́gba pẹ̀lú èkejì, ó sì dì í mú síbẹ̀, ó ń wo inú kámẹ́rà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ohùn náà wí, "ẹ gbé ọwọ́ kúrò lójú yín."